Ìgbìmọ̀ Àwọn Ẹni Iyì

Bí a bá ń ka àwọn tí Ẹlẹ́dàá fún ní ẹ̀bùn àtifi ẹni tí kò mọ iṣẹ́ sí ìdí iṣẹ́, tí wọ́n ń fi tayọ̀tayọ̀ ṣe é, tí wọ́n sì tún ń retí kí a pàtẹ́wọ́ fún wọn, mo bẹ ẹ̀yin òǹkàwé mi pé kí ẹ má ṣe fo orúkọ mi dá, nítorí n kò kẹ́yìn láàárín wọn. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi ni alábòójútó ilé iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn mesìọ̀gọ̀, tí ń ta iyọ̀, òróró, mílíìkì, ọṣẹ àti bisikíìtì ní páálípáálí fún àwọn alárobọ̀ tí ń wá láti Ọ̀yọ́, Ìsẹ́yìn àti gbogbo ilẹ̀ Ìbàràpá. Inú ìwé ńlá kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya ni a ń kọ gbogbo rẹ̀ sí, títí Alhaji tó ni ilé iṣẹ́ fi pàṣẹ pé kí a ra sọ́fítíwíà tí yóò máa ka ọjà, tí yóò máa kọ ínfọ́ìsì, tí yóò sì máa tọ́jú àkáǹtì àwọn tó ń gbàwìn. Ó ní, "Ìwọ ni kí o wá àwọn tí yóò ṣe é." Alhaji ti sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí ni mo mọ̀ pé ó ń kábàámọ̀ jù.

Mo jókòó, mo ronú, mo sì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tí ì bá dára ní ìjókòó iwájú níbi ìgbéyàwó. Alága rẹ̀ ni àna mi, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, tí agbádá rẹ̀ máa ń kún ẹnu ọ̀nà kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Kò ta ẹyọ ọṣẹ kan rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ti sọ fún mi lóru pé ẹ̀gbọ́n òun kò rí nǹkan ṣe. Ẹ̀kejì ni ọmọ àbúrò mi, tí ń tún fóònù ṣe, nítorí mo gbà pé ẹni tó lè tú fóònù palẹ̀ kò lè ṣàìmọ ìdí ohunkóhun tó bá ti ń tan iná. Ẹ̀kẹta ni ọ̀gá àwọn tó ń polówó ọjà wa, ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn-ún ròfọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí oníbàárà fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá sọ pé ọjà ti tán. Awakọ̀ Alhaji ló ṣe ìkẹrin, nítorí kò sí ohun tí a óò sọ ní ọ̀sán tí kò ní í dé etí Alhaji ní ìrọ̀lẹ́, mo sì fẹ́ kí ìyìn mi tètè débẹ̀.

Àwọn tó ta sọ́fítíwíà náà fún wa rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá láti Èkó. Ó wo ìgbìmọ̀ mi yíká, ó sì fi ọ̀wọ̀ béèrè pé, "Ọ̀gá, ẹ dákun, ta ló ń tọ́jú stọ́ọ̀ nínú wọn? Ta ló ń gbowó? Ta ló ń ṣe VAT?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní àwọn yẹn wà lẹ́nu iṣẹ́, a kò gbọdọ̀ yọ wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àlejò tiwa ríran kedere, onílé ló di ojú tirẹ̀.

Ìyá Stọ́ọ̀, tó ti wà níbẹ̀ kí n tó dé, tó sì mọ̀ pé agolo 48 ló wà nínú páálí mílíìkì ti tẹ́lẹ̀ ṣùgbọ́n 24 péré ni ti tuntun, wá bá mi fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ máa fi kọ̀ǹpútà ka ọjà. Ṣé kí n wá jókòó tì wọ́n?" Mo dáhùn pé, "Mọ̀mọ́, ẹ má ṣèyọnu, iṣẹ́ àwọn tó kàwé ni." Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Kò burú," èyí tí ọmọ tó gbọ́n kì í gbọ́ lẹ́nu àgbà kó má bẹ̀rẹ̀ sí í sá.

Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n sì fi ìpàdé lé ìpàdé jiyàn lórí ibi tí àwòrán Alhaji yóò wà lórí ínfọ́ìsì. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésìmesì, nígbà tí àwọn alárobọ̀ ń to dé títì, ni àna mi fọwọ́ sí pé kí a ṣí ẹ̀rọ náà. Ọmọ Èkó bẹ̀ wá pé kí a máa kọ ìwé àtijọ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún oṣù kan. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ Ìyá Stọ́ọ̀, mo fi kọ́kọ́rọ́ tì í mọ́ inú dúróà mi, kí ẹnikẹ́ni má baà wẹ̀yìn.

Kí oòrùn tó mú, ọ̀rọ̀ ti di iṣu ata yán-an-yàn-an. Ọmọ àbúrò mi ti kọ páálí sílẹ̀ ní ẹyọ, nítorí náà igba páálí mílíìkì di igba agolo lójú kọ̀ǹpútà. Bí àwọn oníbàárà mélòó kan ti ra dọ́sìnì mélòó kan, ẹ̀rọ náà ní mílíìkì ti tán, kò sì kọ ínfọ́ìsì mọ́. Mo fi ojú mi rí obìnrin kan tó jókòó lórí páálí mílíìkì, tó fẹ̀yìn ti òmíràn, tí a ń bẹ̀ pé kó fara dà á, mílíìkì kò sí. Ẹni tó sì ra iyọ̀ rí VAT, owó orí ọjà, lórí rẹ̀. VAT ti di ìdá 7.5 nínú 100 láti oṣù Kejì ọdún 2020, ṣùgbọ́n òfin kò fi í kan iyọ̀, òróró ìsebẹ̀ àti mílíìkì. Ọmọbìnrin tó ń kọ ìwé VAT wa ránṣẹ́ sí ìjọba kó tó di ọjọ́ 21 oṣooṣù mọ èyí lórí, kò sì sí ẹni tó bi í. Ọmọ àbúrò mi ti bu VAT lé gbogbo ọjà láìṣe ojúsàájú.

Gbogbo ìyẹn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ìyá Ìbejì. Ní Igbó-Ọrà, ìlú àwọn oníbàárà wa kan ní ilẹ̀ Ìbàràpá, tí ayé mọ̀ mọ́ ìbejì, bí a bá sọ pé ẹnì kan ń jẹ́ Ìyá Ìbejì, a kò tíì sọ ẹni tó jẹ́. Ìwé Ìyá Stọ́ọ̀ mọ èyí: Ìyá Ìbejì Pupa wà níbẹ̀, Ìyá Ìbejì Ẹlẹ́ran wà níbẹ̀, Ìyá Ìbejì tí ọkọ rẹ̀ ń wakọ̀ náà kò gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí kọ̀ǹpútà kìlọ̀ pé orúkọ yìí ti wà tẹ́lẹ̀, ọmọ àbúrò mi, tí kò fẹ́ràn ìdọ̀tí, pa gbogbo wọn pọ̀ di ẹnì kan. Gbèsè gbogbo wọn sì já lé Ìyá Ìbejì Pupa lórí, òun nìkan tí kì í gbàwìn, ẹ̀rọ náà sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ fún un pé kó wá san án kíákíá.

Ó wá lóòótọ́. Ó gbé Táíwò pọ̀n, ó fa Kẹ́hìndé lọ́wọ́, ó dúró láàárín èrò, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní mo jẹ yín lówó tí ilé bàbá mi kò tó san. Mo kó àwọn ọmọ wá, ẹ mú èyí tó bá wù yín ṣe ìwọ̀fà, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé bí ẹ bá mú ọ̀kan, ìkejì ń bọ̀ wá bá a, ẹ̀yin lẹ óò sì máa bọ́ wọn!" Alága ìgbìmọ̀ kó agbádá rẹ̀ lé èjìká, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, níbi tí ọmọ àbúrò mi ti ṣáájú rẹ̀. Ìyá Stọ́ọ̀ ló jáde, tó kí ẹ̀jìrẹ́ bí a ti ń kí ẹ̀jìrẹ́, tó fún wọn ní bisikíìtì, tó sì yíjú sí mi pé, "Ọ̀gá, ìwé mi dà?" Mo lọ ṣí dúróà.

Níwájú Alhaji, mo fi ìṣòro ẹlòmíràn bo tèmi. Mo sọ fún un pé Hershey, àwọn tó ń ṣe ṣokoléètì ní Amẹ́ríkà, ṣí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1999, nígbà tí ọjà ọdún wọn kù sí dẹ̀dẹ̀, tí ọjà tó tó nǹkan bí 100 mílíọ̀nù dọ́là kò sì dé ọwọ́ oníbàárà, bẹ́ẹ̀ ó wà ní stọ́ọ̀. Mo fi Lidl, ilé ìtajà ńlá ti ilẹ̀ Jámánì, lé e, tí wọ́n ná nǹkan bí 500 mílíọ̀nù yúrò kí wọ́n tó pa tiwọn tì ní ọdún 2018. Alhaji fetí sílẹ̀ dáadáa, ó ní, "Ṣé àna rẹ náà ni alága wọn ni?"

Ẹ̀yìn ọdún, nígbà tí ọjà rọ̀, ni wọ́n tún un ṣe. Alhaji fúnra rẹ̀ jókòó síbẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tó bá nílò àṣẹ má baà sùn mọ́jú. Ìyá Stọ́ọ̀ ló ṣíwájú ní ti ọjà, akápò àti ọmọbìnrin VAT ní ti owó, ọmọ Èkó sì ń fi bí ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́ hàn wọ́n. A gba ẹlòmíràn tí yóò máa di ipò wọn mú ní òwúrọ̀, nítorí a kì í fi iṣẹ́ méjì lé orí ẹnì kan kí a tún bi í pé èwo ló ṣe tán. Olúkúlùkù Ìyá Ìbejì gba àkáǹtì tirẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ìlú àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún èmi nínú ìgbìmọ̀ tuntun ni kí n máa pèsè omi mímu, kí n má sì dámọ̀ràn ẹnikẹ́ni.

Àna mi kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, kò sì wá yá mi lówó mọ́. Mo ka èyí mọ́ èrè ńlá tí a rí nínú ẹ̀rọ náà, mo sì sọ fún Ìyá Stọ́ọ̀ pé kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wo kọ̀ǹpútà títí, ó ní kò sí àkáǹtì tí òun lè kọ ọ́ sí.