Ilé Tó Ń Jò Kò Bẹ̀bẹ̀ fún Ṣáńdílíà
Ìyá Àlòkù dá àwọn òǹkàwé lóhùn

Lẹ́tà kún orí tábìlì mi, ọ̀rọ̀ ilé àtijọ́ sì ni gbogbo wọn. Àwọn kan jogún ilé, àwọn kan ra ilé, àwọn kan fẹ́ ẹni tó ń kó ilé onílé wọlé díẹ̀díẹ̀. Ìmọ̀ràn mi kò lè gbe ẹnikẹ́ni ní kóòtù, ṣùgbọ́n ó lè gbe ògiri. Ẹni tó bá fi etí ìdajì gbọ́ ọ, tí ilé sì wó, kó má dárúkọ mi fún àwọn ará àdúgbò.

*

Ìyá Àlòkù, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé tí bàbá bàbá ọkọ mi fi sílẹ̀ ní Pópó Àgùdà l'Ékòó la fẹ́ tún ṣe. Ilẹ̀kùn ìrókò ló wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ òdòdó sí i lára. Bọ̀ọ̀dá àgbà nínú ẹbí ní ká yọ ọ́ dànù, ká fi ilẹ̀kùn irin ti Ṣáínà sí i, ká sì fi sìmẹ́ńtì rẹ́ gbogbo ògiri amọ̀ rẹ̀ kó lè jọ ilé èèyàn. Èmi ìyàwó, kí ni mo fẹ́ sọ?
— Aláìlẹ́nu-ọ̀rọ̀, Èkó

Ìyàwó wa, ìyàwó kì í bá àgbà ẹbí jà. Ńṣe ló máa ń gbà fún wọn títí iṣẹ́ yóò fi falẹ̀. Kúnlẹ̀, kí o ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù, sà." Lẹ́yìn náà, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fúnra wọn pe káfíńtà mẹ́ta wá díyelé ilẹ̀kùn tí wọ́n fẹ́ jù nù. Má dá sí i. Gbé omi tútù fún àwọn àlejò, kí o jẹ́ kí bọ̀ọ̀dá fi etí ara wọn gbọ́ iye tí káfíńtà fẹ́ san. Láti alẹ́ ọjọ́ náà, bọ̀ọ̀dá ni yóò máa ṣọ́ ilẹ̀kùn.

Ìrókò tó gbó dáadáa, ikán kì í fọwọ́ kàn án bọ̀rọ̀. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni afẹ́fẹ́ oníyọ̀ tó ń fẹ́ láti òkun máa ń jẹ l'Ékòó. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil àti Cuba padà wálé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló mú irú iṣẹ́ ọwọ́ tó wà lára ilẹ̀kùn yín yẹn wọ̀lú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí bíríkìlà wọn lè ṣe, kó lọ wo Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Má sì gbẹ́kẹ̀ lé e pé ìjọba ni yóò gbà yín sílẹ̀. Ìjọba kéde ilé Ìlójọ tó wà ní Tinúubú gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Nínú oṣù Kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Katapílà kì í ka ìwé ìjọba.

Ní ti sìmẹ́ńtì, ògiri amọ̀ ń mí. Omi ń gba ìsàlẹ̀ gòkè sínú rẹ̀, ó sì ń gba ara rẹ̀ gbẹ dànù. Tí ẹ bá fi sìmẹ́ńtì bò ó, omi yóò há sínú, amọ̀ yóò rọ̀ lábẹ́lẹ̀, sìmẹ́ńtì yóò sì já bọ́ ní abala-abala, yóò fa awọ ògiri lọ́wọ́. Amọ̀ ni kí ẹ fi tún amọ̀ ṣe, tàbí kí ẹ po láìmù mọ́ iyanrìn.

Tí bọ̀ọ̀dá bá ṣì fi dandan lé e, ẹ fi sìmẹ́ńtì rẹ́ yàrá tiwọn nìkan. Ẹ wá jọ máa retí òjò.

*

Ìyá mi, mo ra ilé amọ̀ alápáànù kan n'Íbàdàn. Mo ti ra ṣáńdílíà tòkúnbọ̀, àga onítìmùtìmù pupa, àti dígí ńlá kan tí etí rẹ̀ jẹ́ wúrà. Owó tó kù kò pọ̀. Káfíńtà ní páànù ti dípẹtà, ẹni tó wo iná ní wáyà ti gbó. Ṣé kí n kọ́kọ́ kun ilé ni, àbí kí n gbé ṣáńdílíà kọ́?
— Ológe Ọmọ, Ìbàdàn

Ọmọ mi, gbé ṣáńdílíà kọ́. Gbé e kọ́ síbi tí òrùlé ti ń jò jù. Tí òjò bá dé, omi yóò máa gba ojú dígí kọ̀ọ̀kan kán tó tó tó, àlejò yóò sì rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ítálì nìyẹn. Kìkì pé kí o má tan iná rẹ̀, nítorí n kò fẹ́ máa ra aṣọ ẹbí òkú ọ̀dọ́.

Tí o bá wá fẹ́ fi ojú ọmọlúàbí wo ọ̀rọ̀ náà, òrùlé ni àkọ́kọ́. Gòkè sí àjà lọ́sàn-án gangan, kí wọ́n ti gbogbo fèrèsé nísàlẹ̀, kí o wá wòkè. Ibi tí oòrùn bá ti yọjú sí ọ, òjò ti mọ ibẹ̀ tipẹ́. Má jẹ́ kí káfíńtà tàn ọ́ pé gbogbo páànù tó bá ti pupa ló ti bàjẹ́. Páànù ayé àtijọ́ máa ń nípọn, àwọn mìíràn dípẹtà lójú lásán. Èyí tó bá lu ni kí ẹ pààrọ̀.

Lẹ́yìn òrùlé, wo ẹsẹ̀ ògiri. Kí omi òjò máa ṣàn kúrò lára ilé, kó má máa ṣàn wá sí i. Ìgbà náà ló tó kan wáyà: rọ́bà tí wọ́n fi bo wáyà ayé ọjọ́un máa ń gan, á máa rún. Ẹ fà á tu pátápátá.

Àwọ̀ ògiri ló kàn, ibẹ̀ sì ni kí o ti fara balẹ̀. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà àtijọ́, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Má fi sáńpépà gbígbẹ ha á kí eruku má fẹ́. Fi omi rin ín, kí o sì kó ọmọdé àti aláboyún jáde. Tí páálí àjà bá jẹ́ asibẹ́sítọ̀, má gé e, má lu ú níhò, má sì jẹ́ kí ọmọṣẹ́ kankan gbá a fọ́ nítorí pé ó ń kánjú lọ jẹun. Eruku rẹ̀ kì í jáde nínú ẹ̀dọ̀fóró bọ̀rọ̀.

Tí gbogbo èyí bá parí, tí owó sì ti tán, gbé dígí oníwúrà yẹn síwájú ara rẹ, kí o kí ara rẹ kú oríire. Ilé rẹ kò jò mọ́. Ọ̀pọ̀ olówó tó ní ṣáńdílíà kò lè sọ bẹ́ẹ̀.

*

Ìyá wa, mo ra ère ìbejì àtijọ́ méjì àti ọpọ́n Ifá kan lọ́wọ́ ọkùnrin tó gbé wọn wá nínú àpò ìrẹsì. Mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifísàn, wọ́n sì bá ilé náà mu. Ìyá ìyàwó mi rí wọn, wọ́n ní àwọn ò ní sùn nílé mi mọ́ láé. Ìyàwó mi kò bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ gbà mí.
— Ọlọ́ṣọ̀ọ́, Òṣogbo

Ọ̀rẹ́ mi, mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì, mo ń wá ibi tí ìṣòro wà. Ìyá ìyàwó ní àwọn ò ní sùn nílé rẹ mọ́. Àwọn kan ti gba ààwẹ̀ ogójì ọjọ́ lórí nǹkan yìí, wọn ò rí i gbà.

Àmọ́ nítorí ìyàwó, jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n á gbẹ́ ère fún un. Ìyá rẹ̀ ló ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fún un lóúnjẹ, tó ń wọṣọ fún un. Ojú ère tí o rí tó dán, tí imú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, ọwọ́ abiyamọ ló nù ún títí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ẹnì kan lo gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifísàn, tí o fi ń wo bọ́ọ̀lù. Kò ya ni lẹ́nu pé ara màmá kọ̀ ọ́.

Òmíràn ni pé òfin wà. Òfin 1979 tó dá àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí orílẹ̀-èdè sílẹ̀ kò fàyè gba kí ẹnikẹ́ni kàn máa ra irú ohun àtijọ́ bẹ́ẹ̀, ká má tíì sọ pé kó gbé e kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Ẹni tó gbé ère wá nínú àpò ìrẹsì kò lọ gbà á ní gbọ̀ngàn ìlú. Ojúbọ ẹnì kan ló ti ṣófo. Kó àwọn nǹkan náà lọ sí ọ́fíìsì àjọ yẹn, kí o ṣàlàyé bí wọ́n ṣe dé ọwọ́ rẹ.

Òṣogbo lo wà, o wá ń ra ère nínú àpò! Susanne Wenger, obìnrin Austria tó di Àdùnní Olórìṣà, gbé ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì aláràbarà kan lójú ọ̀nà Ìbòkun, ilé náà sì kún fún iṣẹ́ ọwọ́ àwọn agbẹ́gilére tó bá a ṣiṣẹ́. Lọ sọ fún agbẹ́gilére kan kó gbẹ́ àga, àpótí tàbí òpó tuntun fún ọ. Wàá mọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ, ẹnikẹ́ni kò sì ní wá a dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Tí o bá dá wọn padà tán, tí o sì gbọ́ pé màmá fẹ́ wá lo oṣù mẹ́ta, gbé àpò ìrẹsì òfìfo yẹn sórí ibi tí ère wà tẹ́lẹ̀. Má ṣàlàyé.

*

Ìyá Àlòkù, Peckham la wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ayé Ọbabìnrin Victoria la rà. Ọkọ mi, akáọ́ńtàǹtì gidi, ló ń jáde lóru lọ tú àwọn àpótí pàǹtí onírin ńlá tí àwọn tó ń tún ilé ṣe máa ń gbé síta. Ó ti kó ilẹ̀kùn mẹ́rin àti ojú ààrò onírin wálé. Ìyá rẹ̀ ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde. Kí ni ká sọ fún màmá?
— Ojú-ń-tì-mí, Peckham

Ìyàwó wa, ẹ sọ òótọ́. Ní kí màmá jókòó, kí o ní, "Mà, ọmọ yín ń tú ààtàn." Wọn yóò ké. Wọn yóò bi í pé ṣé nítorí èyí làwọn ṣe ta ilẹ̀ rán an lọ sílé ìwé. Kó wá dáhùn pé ọ̀fẹ́ ni. Màmá Ìjẹ̀bú kì í bínú sí ọ̀fẹ́. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ni yóò di ìdí tọ́ọ̀ṣì mú fún un.

Ẹ kìlọ̀ fún wọn ṣá. Lójú òfin ibẹ̀, ohun tó wà nínú àpótí pàǹtí yẹn ṣì ní olówó, ẹni tó bá mú un láìtọrọ lè rí ọlọ́pàá. Kó kanlẹ̀kùn lọ́sàn-án, kó kí onílé, kó tọrọ. Onílé tó ń sanwó kí wọ́n tó kó ìdọ̀tí lọ, inú rẹ̀ á dùn láti dín in kù. Tí ojú bá ń tì í, ilé ìtajà LASSCO wà ní Brunswick House ní Vauxhall, ohun tí wọ́n yọ lára ilé àtijọ́ ni wọ́n ń tà. Wọ́n á fún un ní rísíìtì níbẹ̀. Tó bá ka rísíìtì náà tán, á padà lọ kanlẹ̀kùn.

Kó sì wọn ẹnu ọ̀nà kó tó gbé ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ayé Victoria kì í bára mu. Ní ti fèrèsé onígi tó ń yọ̀ lọ sókè sódò, ẹ tún un ṣe, ẹ má fi oníke rọ́pò rẹ̀. Tí àdúgbò yín bá wà lára àwọn tí wọ́n dáàbò bò, ẹ béèrè lọ́wọ́ káńsù kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

*

Ìyáàfin, mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Gbogbo gbànjo ni ìyàwó mi ń lọ, tó bá sì ti Òwòdé Onírin dé, ọkọ̀ ẹrù ló máa ń tẹ̀lé e. Ó ra ẹ̀rọ ìránṣọ Singer mẹ́ta, kò mọ aṣọ rán. Ó ra àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì tí kò sọ̀rọ̀. Lánàá, ó gbé aago ògiri lé àga mi.
— Aláìníjókòó, Abẹ́òkúta

Bàbá, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀rọ Singer kì í ṣe ìṣòro. Ẹ yọ orí rẹ̀, ẹ fi pákó ọgánwó lé ẹsẹ̀ irin rẹ̀, ó di tábìlì tí ọmọ-ọmọ yín yóò jogún. Asọ̀rọ̀mágbèsì náà kò lè sọ̀rọ̀ láé, nítorí pé wáyà ni wọ́n fi ń gbé ohùn wá sínú rẹ̀ láti ìgbà tí iṣẹ́ rédíò Rediffusion ti bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 1935, wáyà náà sì ti lọ tipẹ́. Ẹ ní kí ọmọ kan gbé sípíkà kékeré sínú àpótí náà, ẹ máa fi gbọ́ orin Haruna Ishola.

Ní ti ìjókòó yín, ẹ mú páálí, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà: "Àlòkù. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́." Ẹ gbé e kọ́ ọrùn, ẹ lọ dúró lẹ́nu géètì lásìkò tí oníkóńdẹ́mù ń kọjá. Ìyàwó yín yóò sáré jáde wá rà yín padà, yóò nù yín, yóò fi òróró pa yín, yóò sì wá ibi tó dára gbé yín sí. Tó bá ń ná ọjà, ẹ má dá sí i.

*

Èsì kúkúrú

Ẹni tó fẹ́ fi táìsì bo ilẹ̀ tẹ̀rásò ní Ṣúrùlérè: má ṣe é. Òkúta wẹ́wẹ́ inú sìmẹ́ńtì ni tẹ̀rásò. Pe ẹni tó ní ẹ̀rọ ìlọlẹ̀, kó fi omi lọ̀ ọ́, yóò tún dán. Owó táìsì tó kù, fi ra bàtà tí kì í yọ̀.

Ẹni tí ikán jẹ kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ tó rà: kí o tó gbé igi àlòkù wọlé, gbá a lójú, kí o gbọ́ ohùn rẹ̀. Èyí tó bá ń dún gbọ̀ngbọ̀n, àwọn kan ti ń gbé inú rẹ̀, wọn ò sì san owó ilé.

Ẹni tó kọ́ ilé tuntun sí Lẹ́kí, tó ń béèrè bí yóò ṣe mú kó dà bí ilé tó ti pẹ́: má náwó rárá. Lẹ́kí lo kọ́ ọ sí. Ṣáà dúró de òjò oṣù Keje.