Yàrá Kótópó àti Ogún Ọ̀rẹ́

Àwọn baba ńlá wa, tí wọ́n ti jẹ oyè ọgbọ́n kí àwa tó jẹ oyè ìwé, ni wọ́n sọ ọ́ pé yàrá kótópó gba ogún ọ̀rẹ́ bí wọ́n bá fẹ́ràn ara wọn. Ẹni tí ó bá fi sùúrù yẹ òwe yìí wò yóò rí i pé apá méjì ni ó ní, àti pé apá kejì ni ó gbé apá kìíní ró: yàrá ni ó kéré, ìfẹ́ ni ó fẹ̀, bí a bá sì yọ ìfẹ́ kúrò níbẹ̀, ohun tí ó ṣẹ́kù kò ju ogún ènìyàn tí wọ́n ń gún ara wọn nígbọ̀nwọ́ nínú òkùnkùn lọ. Ṣùgbọ́n ayé ti di ayé ọ̀làjú, ọ̀làjú kò sì ní sùúrù àtigbọ́ òwe délẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn onílé méjì ni wọ́n ti fa òwe àgbà yìí ya láàárín ara wọn bí ẹni ń pín ẹran iléyá: onílé àtijọ́ gbé apá kìíní, ó ní yàrá kótópó gba ogún, ó pa ẹnu dé, onílé ìsinsìnyí gbé apá kejì, ó ní òun yóò máa ta ìfẹ́ fún àwọn ayálégbé òun, kí olúkúlùkù sáà ti san owó rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú.

Onílé àtijọ́ ni kí á kọ́kọ́ bá wí, nítorí àgbà ni, a kì í sì í fi àgbà sẹ́yìn nígbà tí a bá ń pín nǹkan. Àwọn Àgùdà, ọmọ wa tí wọ́n ti oko ẹrú ní Brazil padà sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni wọ́n mú ilé tí ọ̀nà gba àárín rẹ̀ kọjá wá sí Pópó Àgùdà: yàrá ní ọ̀tún, yàrá ní òsì, fèrèsé aláràbarà níwájú, òdòdó tí a fi símẹ́ǹtì ṣe lára òpó. Ilé ọlọ́lá ni, ìdílé kan ni ó sì ń gbé e. Nígbà tí Èkó wá kún àkúnya, tí ará oko ń wọ́ wọ ìlú láràárọ̀, onílé mú òdòdó kúrò lára òpó, ó fi ọ̀nà àárín sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì fi yàrá kọ̀ọ̀kan fún agboolé kan: baba, ìyá, ọmọ mẹ́rin, pẹ̀lú ọmọ ẹ̀gbọ́n baba tí ó wá kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Èyí ni gbogbo wa mọ̀ sí fẹ́ẹ̀sì-mí-áì-fẹ́ẹ̀sì-yú. Bí ayálégbé bá ráhùn pé àyè há, láńlọ́ọ̀dù a húkọ́ ikọ́ àgbà, a gbé òwe wa yìí sẹ́nu, a sì dúró lágbedeméjì rẹ̀, níbi tí owó dúró sí.

Èmi kò ní purọ́ pé ilé bẹ́ẹ̀ dùn. Ẹ̀rọ omi kan ni, ilé ìyàgbẹ́ kan ni, owó iná sì ni ìyá ìjà, nítorí ẹni tí ó ní gílóòbù kan kò gbà láé pé kí òun àti ẹni tí ó ní fíríìjì jọ san iye kan náà. Ahọ́n òun eyín a máa jà. Nínú ilé wọ̀nyẹn, ahọ́n òun eyín kì í sinmi. Síbẹ̀ ẹ wo ohun tí ń bẹ níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rà lọ́jà. Sítóòfù tò sí ẹnu ilẹ̀kùn láti ìpẹ̀kun ọ̀nà kan dé èkejì, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè se ọbẹ̀ kí ó má kí ẹnìkejì rẹ̀. Ẹni tí ó dúró de omi kò lè ṣàì mọ orúkọ ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀. Bí obìnrin bá sì ń rọbí lóru, ilẹ̀kùn méje a ti ṣí kí ó tó kígbe lẹ́ẹ̀kejì, àwọn tí wọ́n bú ara wọn ní ìrọ̀lẹ́ nítorí gílóòbù ni wọn yóò sì jọ gbé e dé ilé ìwòsàn. Ojúkòkòrò ni onílé fi kọ́ ilé náà, ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo náà ni ó sì sọ àjèjì di ojúlùmọ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá wọ ilé àjọgbé ti ìsinsìnyí, irú èyí tí wọ́n ń kọ́ sí Yábàá àti Lẹ́kí fún àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi kọ̀ǹpútà jẹun. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títo inú ilé lọ́ṣọ̀ọ́ ti kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀ kí àlejò tó dé. Ó gbé àga sí pálọ̀, àga tí ó jẹ́ pé bí akéwì bá rí i, kíkì ni yóò kì í: àga tìmùtìmù, ajókòótini-má-báni-sọ̀rọ̀, arẹwà tí ń gbàlejò ju ẹni tí ó nilé lọ, olówó-iyebíye tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ àmàlà lórí rẹ̀. Ó lẹ koríko oníke mọ́ ògiri, ó fi iná aláwọ̀ osùn kọ ọ̀rọ̀ òyìnbó sára rẹ̀ pé ẹbí kan ni gbogbo wa. Ó to ìwé sórí pẹpẹ ní ìbámu pẹ̀lú àwọ̀ èèpo wọn. Ó gbé ọpọ́n ayò lé tábìlì onígíláàsì, ó sì fi góòmù lẹ ọmọ ayò mọ́ inú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà kó wọn lọ. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ní tiwọn, wọ́n ti sọ ilé náà ní Ẹbí kí ọmọ kankan tó wọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn tí ó ti pe ìfẹ́ jọ sí pálọ̀ báyìí, ó yí padà, ó sì fi fíríìjì tirẹ̀ sí yàrá kọ̀ọ̀kan, ilé ìwẹ̀ tirẹ̀, ìdáná gáàsì tirẹ̀, àti àgádágodo tí ń dá ara rẹ̀ tì. Kí ni yóò wá mú ẹnikẹ́ni jáde? Ayálégbé tí ó bá fẹ́ mọ ẹni tí ń dín ẹja ní yàrá kejì a béèrè lórí fóònù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ògiri àárín wọn kò nípọn tó ìbú ọwọ́. Ẹni tí a bi léèrè a sì fi àwòrán ọwọ́ tí ń júwe dá a lóhùn. Nígbà tí onílé rí i pé koríko oníke kò bí ọ̀rẹ́, ó gba òṣìṣẹ́ kan pẹ̀lú owó oṣù, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó máa kanlẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí ó máa bẹ àwọn ará ilé pé kí wọ́n jọ̀ọ́ wá jẹ súyà ọ̀fẹ́, kí wọ́n sì mọ ara wọn. Èyí náà wà nínú owó tí wọ́n ń san, ní ìsàlẹ̀ owó káṣọ̀n, owó àgírímẹ́ǹtì àti owó kọmíṣọ̀n. Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Ejò kò kúkú san owó nítorí rẹ̀.

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ ọ̀ṣọ́. Agbo ilé Yorùbá, tí a ń bá pàdé nínú ìwé ìtàn tí Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ní ẹnu ọ̀nà ńlá kan tí gbogbo ènìyàn ń gbà, kò sì sí ẹni tí ó lè wọlé tí baálé kò ní rí i. Yàrá kéré, ó ṣókùnkùn, nítorí orun àti ẹrù nìkan ni ó wà fún. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó yí àgbàlá ká ni a ń gbé ní ọ̀sán, níbẹ̀ ni a ti ń ranwú, tí a ti ń diri, tí a ti ń pàlọ́, tí a ti ń gba àlejò. Omi òjò tí ń ṣàn láti orí òrùlé wọ inú ìkòkò àgbàlá kì í ṣe ti ẹnìkan. Nígbà tí ilẹ̀ bá sì fẹ́ sán, àwọn obìnrin ilé ni wọ́n jọ ń fi bọ́tọ̀ pa á, tí wọ́n fi ń dán án, tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ ẹni tí kò wá. Iṣẹ́ tí wọ́n jọ ṣe ni ọ̀ṣọ́ wọn, ẹni tí ó bá sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ilẹ̀ kì í fẹ́ kí ẹlòmíràn bà á jẹ́.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ohun tí ó ti òkèèrè wá nìkan ni olówó ń gbọ́, òkèèrè náà ní ẹlẹ́rìí. Ní 1967, obìnrin ará Denmark kan, Bodil Graae, kọ sínú ìwé ìròyìn Politiken pé ó yẹ kí ọmọ ní ọgọ́rùn-ún òbí. Àwọn àgbà wa, tí wọ́n ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó, yóò ní ó ku ìdajì, ṣùgbọ́n wọn yóò yìn ín. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ lára kó ara wọn jọ, wọ́n pàdé, wọ́n jiyàn, wọ́n tún pàdé, nígbà tí ó sì di 1972, ìdílé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n (27) kó wọ inú Sættedammen, ilé àjọgbé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ wọn. Ẹ kíyè sí i pé ogún ọ̀rẹ́ ni ó ṣáájú yàrá. Nínú àwọn ilé tí wọ́n kọ́ tẹ̀lé àpẹẹrẹ yìí, mọ́tò kì í wọ àárín, etí ilé ni wọ́n ń gbé e sí, kí olúkúlùkù lè fi ẹsẹ̀ rìn kọjá lójúde ẹnìkejì rẹ̀. Wọ́n kọ ojú fèrèsé ilé ìdáná sí ọ̀nà, kí ẹni tí ń rẹ́ àlùbọ́sà lè rí ẹni tí ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Wọ́n dín ilé ìdáná oníkálukú kù, wọ́n sì fi àyè náà kún ti gbogbo ilé, níbi tí wọ́n ti ń gba oúnjẹ sísè ṣe láàárín ara wọn.

Ìlú London gba ọ̀nà kejì. Ní 2016, ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ The Collective ṣí ilé àjọgbé kan sí Old Oak, yàrá rẹ̀ lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta (500), ó ní ilé sinimá, ó ní yàrá ìkàwé, ó ní ibi ìwẹ̀ olóoru, ènìyàn sì ń tibẹ̀ jáde tí kò mọ ẹni tí ó bá wọ ẹ̀rọ ìgbéniròkè. Ọ̀rẹ́ kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ wá, àwòrán ni wọ́n kọ́kọ́ yà. Àrùn kòrónà dé, ilẹ̀kùn tì, nígbà tí ó sì di 2021, ilé-iṣẹ́ náà ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ń bójú tó gbèsè.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń to inú ilé, n kò ní kí ẹ má ṣe iṣẹ́ yín. Ẹ kàn fi owó náà sí ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà. Ẹ fi iná sí ọ̀nà àárín, kí ojú lè rí ojú, nítorí kò sí ẹni tí ń kí òjìji. Ẹ ṣe ilé ìdáná tí ènìyàn mẹ́fà lè dúró sí láìfi ìgbọ̀nwọ́ ta epo ara wọn dànù. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún okùn aṣọ, kí aṣọ tí òjò fẹ́ pa lè di ìdí tí aládùúgbò fi ń kanlẹ̀kùn. Ẹ bi àwọn tí yóò gbé ibẹ̀ léèrè kí ẹ tó fi ọ̀dà kan ògiri, kí ẹ sì fún wọn ní búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ tú ọmọ ayò sílẹ̀ nínú ọpọ́n. Bí wọ́n bá jí mẹ́rin, àwọn tó kù yóò ní ohun tí wọn yóò jọ máa wá kiri. Bí onílé bá sì ta kú pé àga olówó iyebíye ni òun yóò rà ṣáá, kí ó rà á, kí ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi níbi tí àwọn ayálégbé ti ń dúró de omi: ẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dúpẹ́, ẹnu kò sì ní pẹ́ tẹ̀lé e.