Ọ̀gá Ológeere Òkè Mápó

Ẹ kò ní ṣàì ti pàdé rẹ̀. Aago méje àárọ̀ kò ní tíì lù tó fi ń bọ̀ láti Mọ́lété ní Ìbàdàn, akoto aláwọ̀ ọsàn lórí, ṣòkòtò pénpé tó lẹ̀ mọ́ itan pinpin, báàgì ọ́fíìsì lẹ́yìn bí ọmọ ọwọ́. Ní Bódè, ara rẹ̀ ṣì yá gágá: ó kí oníbúrẹ́dì, ó kí fọ́kanáísà. Tó bá fi máa dé Ìdí-Arẹ̀rẹ̀, ìkíni ti tán lẹ́nu rẹ̀. Òkè Mápó ló kù níwájú.

Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ ló ń pè é ní Ọ̀gá Ológeere. Wọn kò bí i mọ́ kẹ̀kẹ́ o. Corolla ló ń wà títí di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà epo bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ fò lọ sí nǹkan bí ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, nígbà tí 2024 sì ń parí lọ, ó ti kọjá ₦1,000. Ẹlòmíì bẹ̀rẹ̀ sí wọ takisí Míkírà, ẹlòmíì ń bẹ aládùúgbò kó gbé òun. Ọ̀gá ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀. Ìyẹn kò burú rárá. Ọlọgbọ́n ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò gbà pé owó ló fà á. Ó ní ìlera ni. Ó ní nítorí afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí ni.

Ìgbà náà ni ìwàásù bẹ̀rẹ̀.

Ó ti gbọ́ pé Mark Rutte, nígbà tó jẹ́ olórí ìjọba Nẹ́dálándì, máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́, kò sì sí ìpàdé tí kì í ti í dárúkọ ọkùnrin náà. Òótọ́ ni. Ohun tí kì í fi kún un ni pé ilẹ̀ wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ló tún rẹlẹ̀ ju òkun lọ. Ibùdó ogun ni Ìbàdàn ní tirẹ̀. Àwọn jagunjagun tó dó sí àyíká Mápó ní nǹkan bí ọdún 1829 kò ro ti oníkẹ̀kẹ́. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí ẹni tó bá ń bọ̀ wá gbógun tì wọ́n ti máa mí hẹlẹ kó tó débẹ̀. Ọ̀gá kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n òun náà ń mí hẹlẹ.

Tí wọ́n bá já a lórí Rutte, á gbé Biniam Girmay jáde, ọmọ Ẹritríà tó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó gba ipò kìíní nínú ìpele kan ní Tour de France, lọ́dún 2024. “Àwa dúdú la ni òkè!” Girmay tó ń wí yìí, eré àsápajúdé lórí ilẹ̀ títẹ́jú ni iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìdíje bá kan òkè ńláńlá, ẹ̀yìn pátápátá ni irú wọn máa ń wà, tí wọ́n ń ṣọ́ aago kí wọ́n má baà lé wọn kúrò nínú eré.

Kẹ̀kẹ́ Ọ̀gá ní jíà 21, mẹ́ta níwájú, méje lẹ́yìn. Tí èèyàn bá fi ṣéènì sórí èyí tó kéré jù níwájú àti èyí tó tóbi jù lẹ́yìn, ẹsẹ̀ á máa yí kíákíá, kẹ̀kẹ́ á máa rọra gòkè, itan á sì rí ara gbé e. Ọ̀gá kò dé ìdí ibẹ̀ rí. Jíà arúgbó ló ń pè é. Èyí tó le jù ló fi ń dojú kọ Mápó, tí á dìde dúró lórí pẹ́dàlì, tí kẹ̀kẹ́ á máa gbọ̀n sọ́tùn-ún, sósì.

“Bàbá, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ sinmi!” Ọlọ́kadà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe nítorí ọlọ́kadà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń yẹ ṣéènì tí kò ṣe nǹkan kan wò, ó mi orí, ó wá ń ti kẹ̀kẹ́ náà lọ. Láyé àtijọ́, kẹ̀kẹ́ Raleigh tí kò ní ju jíà kan lọ ni tíṣà, wolé-wolé àti oníkòkó ń gùn. Tí wọ́n bá dé ẹsẹ̀ òkè, wọ́n á sọ̀, wọ́n á tì í. Kò sí ẹni tó ń purọ́ mọ́ ṣéènì.

Tó bá dé iwájú Gbọ̀ngàn Mápó, èyí tí wọ́n ṣí ní 1929, á tún gun kẹ̀kẹ́ padà, á ya fọ́tò. Fọ́tò yẹn ni ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ àti gbogbo ẹbí ní Ìsẹ́yìn máa ń jí rí lórí WhatsApp.

Títí yóò fi di Ọjọ́rú, itan ti le gbagidi. Ó ní “lactic acid” ni, pé tí òun bá tún gùn ún sí i, á jáde. Lactic acid tó ń bú yìí kì í pẹ́ ju wákàtí kan tàbí méjì lọ lára. Iṣan tó fara ya fínnífínní ló ń dun ni lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, ìsinmi sì ni oògùn rẹ̀. Ta ló máa sọ fún un? Fáìlì tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àgùnbánirọ̀ ló ń rán.

“Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi gòkè yẹn.”

“Ẹ̀yin tí ẹ gun Mápó láàárọ̀ yìí, sà?”

“Ìyẹn yàtọ̀.”

Owó epo tó ṣẹ́ kù ti wọ inú àmàlà: aago mẹ́wàá kì í bá a láìtíì jẹ òkèlè mẹ́rin pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ògúnfe. Tí òjò bá ṣú nírọ̀lẹ́, Míkírà ló ń gbé e lọ sílé, wọ́n á fi okùn di kẹ̀kẹ́ mọ́ búùtù, dírẹ́bà á sì gba owó èrò méjì. Corolla ṣì wà nílé lábẹ́ tapólì, Ọ̀gá sì ń san owó ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ọ.

Ní báyìí, ó ti gbọ́ nípa ẹ̀rọ oníbátìrì tí wọ́n ń so mọ́ kẹ̀kẹ́ kó lè máa gbé èèyàn gòkè. Fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó rẹ̀ ti wà níwájú akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Níbi tí wọ́n ti bi í pé kí ló fẹ́ fowó ṣe, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé: “Eré ìdárayá.”