Owó Òrí Tí Mò Ń Ná Sórí Òkú

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ èmi àti awọ ara mi. Ọyẹ́ ò ní í tíì mú tán tí yóò ti funfun bí ẹni tó yí nínú eérú. Ètè á bó, gìgísẹ̀ á là. Màá ra òrí l'Ọ́jà Bódìjà, ìyàwó mi á ní kò tó, àfi ká fi ìpara alágolo kún un. Mo ń náwó, mi ò ráhùn, àfìgbà tí tíṣà tó ń kọ́ ọmọ mi ní bàólọ́jì là á yé mi pé òkú ni mò ń pa òrí fún.

Ẹ gbọ́ o! Sẹ́ẹ̀lì tó wà lókè pátápátá lára awọ wa ti kú. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń bí wọn, wọ́n á máa ti ara wọn sókè, kí wọ́n tó dókè, ẹ̀mí ti bọ́. Bí oṣù kan sígbà tí wọ́n bí wọn, wọ́n á ré bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, ìyàwó mi á ní mi ò wẹ̀ dáadáa.

Òkú náà wúlò, mi ò jiyàn. Òun ni kò jẹ́ kí omi ara wa gbẹ, tí kòkòrò àrùn ò fi ráyè wọlé. Ohun tó ń dùn mí ni àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tó wà nínú. Epithelium ni àwọn oníṣègùn ń pe gbogbo ìdílé náà, àtèyí tó bo ara lóde, àtèyí tó bo inú ìfun, ọ̀nà èémí àti kíndìnrín. Wọn ò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan, èyí tó bá rọra sun wá látìsàlẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Síbẹ̀, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi rí.

Ti ìfun kékeré ò ju ìpele kan ṣoṣo lọ, òun ló ń fa gbogbo oore inú àmàlà tí mo ti jẹ láyé mi. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ó ti pààrọ̀ ara rẹ̀. Ti ọ̀nà èémí ní irun wínníwínní tó ń gbá eruku àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sókè, bí ẹ ṣe ń fa sìgá lé e lórí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ti àpò ìtọ̀ ni baba wọn! Bí àpò bá ṣófo, àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ á gun ara wọn lórí. Bó bá ń kún, wọ́n á tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n á fẹ̀, ìtọ̀ ò sì ní í jò padà sínú ara. Ó lè gba nǹkan bí ìdajì lítà. Ẹ bi ẹni tí gosiló ti há mọ́ ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn rí. Mo bẹ dírẹ́bà, dírẹ́bà fi rédíò dá mi lóhùn. Awọ tí mi ò ra ìpara fún rí ló bò mí láṣìírí dé gáréèjì.

Ìdí nìyí tí mo fi pín owó òrí sí méjì: apá kan fún òkú, apá kejì fún epo pupa àti ẹ̀fọ́, torí fítámì A tí ara ń rí nínú wọn ni àwọn awọ inú fi ń tún ara wọn ṣe. Ìyàwó mi ní ẹ̀fọ́ rírò ló kàn ń wù mí jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.