Ọ̀sán Gangan, Gílóòbù Ń Tàn

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Aago méjìlá ọ̀sán lù n'Íbàdàn, oòrùn wà ní àtàrí, àwọn ewúrẹ́ ń sá kiri wá ibòji. Èmi wà nínú yàrá mi, mò ń tanná kí n tó rí bàtà mi. Ìlú tí oòrùn ti pọ̀ débi pé à ń fi agbòòrùn lé e ni mo ti ń fowó ra ìmọ́lẹ̀!

Ilé kojú-sí-mi-kí-n-kojú-sí-ọ ni mò ń gbé. Yàrá mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan láàrin. Fèrèsé mi kan ṣoṣo dojú kọ ògiri aládùúgbò: bí mo bá na ọwọ́, màá kàn án. Búlọ́ọ̀kù tí wọn ò rẹ́ ni, ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Mi ò níí purọ́ mọ́ baba onílé, wọ́n fi fèrèsé síbẹ̀. Ohun tó yẹ kó gba ojú rẹ̀ wọlé ni kò sí.

Nígbà tí NEPA kì í mú iná wá, ó kéré tán, owó wa ń sinmi. Àfi bí wọ́n ṣe kó wa sí Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 fún lójúmọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, yúníìtì kan fò láti nǹkan bí ₦68 dé ₦225. Àdúrà gbà, ó di gbèsè.

Gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń bí mi nínú jù. Ti àtijọ́ ni, wáàtì 60, irú èyí tó jẹ́ pé ooru ló ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú iná tó ń jẹ ṣe. Ta ló ń wá ooru kún ooru n'Íbàdàn? Bó bá tàn fún wákàtí 10 lójúmọ́, yúníìtì 18 ló lọ lóṣù, ₦4,050 ní iye ọjọ́ yẹn. LED wáàtì 9 tó mọ́lẹ̀ tó o kò níí jẹ tó ₦610. Mítà kan ṣoṣo ni gbogbo wa sì jọ ń dáwó sí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Baba, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ rẹ̀." Wọ́n ní, "Ṣé kò tàn ni?"

Ó ń tàn, sà. Ẹjọ́ mi gan-an nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí a tan ìkankan lọ́sàn-án. Àwọn baba wa kọ́ agbo ilé yí àgbàlá ká, ojú ọ̀run wà láàrin ilé. Ẹ wo ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn: Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ayàwòrán ilé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ògiri oníhò yí i ká, afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ ń wọlé, ìtànṣán oòrùn fúnra rẹ̀ dúró síta. Ní Brazil, Alfredo Moser, mẹkáníìkì bíi tàwọn tó wà lójú títì wa, rọ omi àti bílíìsì díẹ̀ sínú ike lítà méjì lọ́dún 2002, ó fi há òrùlé, ibẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi pé gílóòbù wáàtì 40 sí 60 ni. Mo ṣàlàyé èyí fún baba onílé. Wọ́n ní ẹni tó bá lu páànù àwọn, kó yáa máa di ẹrù rẹ̀.

Mo wá lọ bẹ aládùúgbò pé kó jẹ́ kí n fi ọ̀dà funfun kun ògiri rẹ̀, torí funfun a máa ta ìmọ́lẹ̀ padà. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ní kí n kúkú kun iwájú ilé mọ́ ọn.

Lóṣù tó kọjá ni baba onílé pè wá jọ, wọ́n fowó kún owó ilé. Mo béèrè ohun tó fà á. Wọ́n ní àwọn tó ń wá yàrá pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà àwọn báyìí, torí gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ilé àwọn kì í ṣókùnkùn.