Arìnrìn-Àjò Tí Kò Tíì Léyín

Ọmọ tí kò tíì mọ Ojúẹlẹ́gbà yàtọ̀ sí Yábàá ni wọ́n ní kó wá ya fọ́tò páálí ìrìnnà, kó lajú, kó panu dé, kó má rẹ́rìn-ín. Ìyá ń pàtẹ́wọ́, bàbá ń súfèé, ayàwòrán ń bẹ̀bẹ̀. Ọmọ wo gbogbo wọn yíká, ó sùn lọ. Ọdún 5 sì ni páálí ọmọdé ń lò: ojú jòjòló yìí ni yóò máa fi han aṣọ́bodè títí yóò fi wọ iléèwé.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 lè má ní àga nínú bàálù, itan ìyá rẹ̀ ti tó o. Àmọ́ nígbà tí Màmá ní Mushin gbọ́ pé wọ́n lè fún un láyè ẹrù tirẹ̀, ojú wọn tàn.

"Ẹ jẹ́ kó bá mi gbé èlùbọ́ dé Peckham ní London."

Ẹ̀gúsí tẹ̀lé e. Ìlédìí ò ríbi dúró mọ́.

Bí bàálù bá ń gbéra, ẹ fọmú sọ́mọ lẹ́nu. Bó bá ń gbé wàrà mì, etí ò ní fi bẹ́ẹ̀ dùn ún. Bó bá wá ké títí ẹ fi kọjá aṣálẹ̀ Sahara ńkọ́? Ẹ kọjú sí fèrèsé, ẹ ṣe bí ẹni tí wọ́n gbọ́mọ fún mú dání.