Ẹ̀yin Nìkan Ni Mo Fún Ní Iye Yìí

Ọmọ Yorùbá tó bá ń ti Dubai kọ í-méèlì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n dáadáa, gbájú-ẹ̀ ni lójú ẹni náà títí yóò fi wẹ ara rẹ̀ mọ́. Àwọn tó ti kọ̀wé sí gbogbo ayé ṣáájú wa nípa dọ́là tí ọ̀gágun kan fi sílẹ̀ kó tó kú ló fà á. Abala 419 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti di orúkọ ìnagijẹ gbogbo wa. Mo mọ èyí. Síbẹ̀, nígbà tí mo fẹ́ kọ̀wé sí àwọn oníbàárà mi, àkọlé tí mo fún un ni URGENT BUSINESS OPPORTUNITY.

Iṣẹ́ kágò ni mò ń ṣe. Bí ẹ bá ra ẹrù ní Dragon Mart, tàbí aṣọ ní Deira, tàbí ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ ní Sharjah, èmi ni n ó wọ̀n ọ́n, tí n ó dì í, tí n ó sì gbé e dé Èkó. Nígbà tí físà Dubai di ọ̀wọ́n gógó fún ọmọ Nàìjíríà lọ́dún 2022, tí Emirates náà dá ìrìnàjò rẹ̀ sí Èkó dúró, àwọn ìyá oníbàárà mi tó máa ń wá fúnra wọn kò rí ọ̀nà wá mọ́. Ipè WhatsApp kì í sì í wọlé ní UAE, orílẹ̀-èdè tí Dubai wà. Ọmọkùnrin tó ń bá mi di ẹrù ló gbà mí nímọ̀ràn: “Bọ̀dá Kágò, ẹ kó í-méèlì wọn jọ. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ ó kọ ọ́, gbogbo wọn á rí i.” Kò kúkú parọ́. Gbogbo wọn rí i.

Mo kọ́kọ́ gbé abọ́ sórí káńtà pé kí àwọn èèyàn ju káàdì wọn sí i, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jáde yóò fi kílò márùn-ún ránṣẹ́ sí Èkó lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń ta tíì karak nísàlẹ̀ ilé wa ju tirẹ̀ sí i; kò mọ ẹnikẹ́ni ní Èkó. Lẹ́yìn náà, níbi ìkómọ kan ní Sharjah, mo ní kí wọ́n máa gbé ìwé yí àwọn àlejò ká. Ta ni kò mọ̀ pé bí ìwé àti bírò bá ti ń rìn láàárín Yorùbá níbi ìkómọ, owó ni wọ́n fẹ́ dá? Àdírẹ́sì tí wọ́n kọ, áńgẹ́lì gan-an kò lè rí ẹni tó ni ín. Ẹnì kan kọ ti àna rẹ̀.

Èyí tó kù, inú fọ́ọ̀mù físà àtijọ́ àwọn oníbàárà mi ni mo ti dà á kọ. Ní UAE, ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń bá èèyàn tẹ fọ́ọ̀mù ni púpọ̀ nínú wa ti ń kọ ti físà, ẹni tí kò bá sì ní í-méèlì, ti ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n máa ń fi sí i. N kò fura. Bí àdírẹ́sì kan náà ṣe wà lẹ́yìn orúkọ bí ogún, mo rò pé ẹbí kan ni wọ́n.

Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́sàn-án Jímọ́ọ̀ ni mo fi ránṣẹ́, ìgbà tí wáàsí ń bẹ̀rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí káàkiri ilẹ̀ náà nígbà yẹn. (Ó yẹ kí èmi náà wà níbẹ̀, ẹ má bi mí.) Ní Èkó, aago mẹ́wàá ààbọ̀ kò tíì lù, ọjà Balógun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná. Gbogbo àdírẹ́sì náà ni mo sì tò gbọọrọ síwájú lẹ́tà, tí oníkálukú ń rí ẹnì kejì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòwò, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe iye kan ni à ń pè fún gbogbo èèyàn. Mo ti sọ fún ìyá kan ní Balógun pé, “Ìyá, ẹ̀yin nìkan ni mo fún ní iye yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bò ó.” Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ti Ìdúmọ̀tà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ti Òṣòdì pẹ̀lú, mo tilẹ̀ búra díẹ̀. Ìyá Balógun ló kọ́kọ́ dáhùn, gbogbo wa ló sì dá a lóhùn sí: “Bọ̀dá Kágò, ṣé dírámù 22 lórí kílò tiwa yẹn náà ṣì ni?” Ti Ìdúmọ̀tà béèrè pé, “22 kẹ̀? Wọ́n ní 25 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, pé àánú ni wọ́n fi gba 24 lọ́wọ́ mi.” Ti Òṣòdì kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn kọ 19, ó sì fi ojú tó ń rẹ́rìn-ín sí i. Ẹlòmíràn yọjú láti béèrè àpò rẹ̀ tó sọnù. Ní Sharjah, fóònù Alhaji kan ń dún lọ́tùn-ún lósì bí ìmáàmù ṣe ń ṣe wáàsí.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ìyá náà ti di ẹgbẹ́. Wọ́n yan alága. Lórí àkójọ orúkọ tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe ni wọ́n ti ṣèpàdé, wọ́n sì kọ̀wé sí mi pé 18 ni àwọn yóò máa san.

Alhaji kò bú mi. Ọ́fíìsì lọ́yà ló ti ń ṣiṣẹ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ UAE nọ́ńbà 45 ti ọdún 2021, lórí ìpamọ́ ọ̀rọ̀ ara ẹni, ló fi ránṣẹ́ sí mi, ó sì fa ìlà sábẹ́ ibi tó ti ní kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ olóhun. Ohun kan ṣoṣo ló tù mí nínú. Lóṣù Karùn-ún ọdún 1978, Gary Thuerk, tó ń polówó kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, kọ irú ìwé yìí sí nǹkan bí irínwó èèyàn lórí ARPANET, ìyá íńtánẹ́ẹ̀tì òde òní. Àdírẹ́sì náà pọ̀ débi pé wọ́n ya wọ inú lẹ́tà. Wọ́n bú òun náà, àmọ́ ó ní òun rí ọjà tó tó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là tà nínú rẹ̀.

Nísinsìnyí, ìdí ìwọ̀n ni mo ti ń béèrè: “Ṣé kí n máa kọ iye kílò sí yín?” Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, mo kọ ọ́ sílẹ̀ lójú rẹ̀, ẹni tó bá ní rárá, mo dákẹ́. Wọn ò pọ̀. Ìyá Balógun wà níbẹ̀, ó ní òun fẹ́ máa ṣọ́ mi.

Ọ̀gbẹ́ni onífọ́ọ̀mù tó gba lẹ́tà mi bí ẹni gba òjò pè mí lọ́jọ́ Ajé, ó ní, “Brother, khalas, khalas!” pé ó ti tó. Mo tọrọ àforíjì, mo ní n ó yọ ọ́. Ó ní kí n má yọ òun o. Ó ti tẹ ọ̀kan jáde, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń tò fún físà, ó sì fẹ́ mọ iye tí n ó máa fún òun lórí kílò kọ̀ọ̀kan.